Ìlà Kẹtàdínlógún

Márùn-ún la wà lókè ṣọ́ọ̀bù bátìrì ọkọ̀ ní Àkúrẹ́,
lójú ọ̀nà tó já sí Ọ̀bà-Ilé.
Ètò tí à ń kọ kò tóbi:
kí òṣùwọ̀n kòkó máa bá fóònù sọ̀rọ̀,
kí àgbẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí iye kílò
kí ẹni tó fẹ́ rà á tó lanu.

Ẹni tó bá rí ibi tó ti ya, á fi àbùlẹ̀ ránṣẹ́,
láti Ọ̀wọ̀, láti Ilé-Olújì,
ọ̀kan tiẹ̀ ti Òkìtìpupa wá, lọ́wọ́ ẹni tí a kò rí sójú rí.
Wọ́n ń jábọ́ lọ́wọ́ wa
bí owó ẹyọ nínú àpò tó lu.
Ni Olúwatúyì bá ṣí wíkì,
ojú ewé kan tí gbogbo wa lè kọ, tí gbogbo wa lè pa rẹ́:
àbùlẹ̀ wo, ta ló rán an, ọjọ́ wo, ibo ló dé.
Èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú rẹ̀, bí ẹni ń gbá àgbàlá.
Mo rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni.

Oṣù Ọ̀wàrà, bàbá kan pè wá. Kò bú wa.
Ó ní, "Òṣùwọ̀n yín ń jẹ kòkó mi díẹ̀díẹ̀.
Nínú àpò kan, ó tó ìlàjì kílò. Mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta."
A wá a nínú kóòdù títí ilẹ̀ fi ṣú.
Fámóroti ló ní, ẹ wo wíkì ná.

Ìlà kẹtàdínlógún.
Akíntádé, Ilé-Olújì. Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ògún.
Òṣùwọ̀n ń gé ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìdámẹ́wàá dànù.
Ibi tó dé: a ti gbà á.

A ti gbà á kẹ̀? Kò sí nínú kóòdù!
Mo gbóhùn sókè. Ta ló kọ ohun tí kò ṣe?
Mo wo Fámóroti. Fámóroti wo ilẹ̀.
Òwe kan ti wà lẹ́nu mi.

Olúwatúyì kò wí nǹkan kan. Ó tẹ "ìtàn".
Wíkì kì í báni jiyàn.
Aago méjìlá òru ku ìṣẹ́jú mẹ́rin:
orúkọ mi.

Mo rántí. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀,
kọ̀ǹpútà ń kú lọ lórí itan mi,
mo ní kí n tètè parí kí ojú ewé lè mọ́.
Ìlà kẹrìndínlógún la gbà. Ọwọ́ mi yọ̀ sísàlẹ̀.
Mo gbá ilẹ̀, mo gbá owó mọ́ ọn.

Ọjọ́ méjìlélọ́gọ́ta.
Ìlàjì kílò lọ́nà àpò mélòó?
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀, mo fi í sílẹ̀.

Mo kọ̀wé sí Akíntádé lóru yẹn, mo ní ẹ̀bi mi ni.
Ó fèsì lówùúrọ̀:
"Bàbá tó pè yín, bàbá ìyá mi ni.
Èmi ni mo sọ fún un pé ẹ ti gbà á."

Ìlà mẹ́rin péré ni àbùlẹ̀ náà.
A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kí tíì tó tutù.
Wọ́n ní mo lè pa orúkọ mi rẹ́ níbẹ̀. N kò pa á rẹ́.
Nísàlẹ̀, wọ́n ti ń da ásíìdì sínú bátìrì,
òórùn rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé.
Mo ṣí ìlà kejìdínlógún,
mo fi ìka tẹ̀ lé e, lẹ́tà kan, lẹ́tà kan.