Ojú Kejì Tépù

Bírò tí kò ní yíǹkì mọ́ ni mo fi ń yí i bó bá há.
Màá fẹnu fẹ́ eruku ara rẹ̀ nù,
màá tẹ̀ ẹ́,
màá dúró.

Ariwo kan á kọ́kọ́ wá, bí òjò tó ń ti òkèèrè bọ̀ lórí ọ̀sà.
Lẹ́yìn náà Múníbátù Àjíún á wúkọ́,
á ní, "Ṣé ó ti ń gbà á?"

(Ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ.
Ohun tí wọ́n kọ sára tépù ni mo ń kà.)

Ọdún tí náírà dé ni. Ẹ̀pẹ́, ilé wa, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja.
Jìtá kan ṣoṣo, okùn márùn-ún ló kù lára rẹ̀,
oníbàárà kan ló fi í dúró fún gbèsè ọ̀bọ̀kún, tí kò padà wá mọ́.
Ọwọ́ tó ń họ ìpẹ́ láàárọ̀ náà ló ń ta á lálẹ́;
bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa yọ̀ bọ̀rọ́.

Mo bi omi, omi ní òun ń lọ.
Mo bi àwọ̀n tó ní ẹgbẹ̀rún ojú,
àwọ̀n ní òun ò rí i.

Àwọn ará àdúgbò jiyàn títí.
Àwọn kan ní bàbá mi ló ń kọ ọ́ fún, tó wọkọ̀ lọ Pàńyán.
Àwọn kan ní ẹ̀gbọ́n mi ni, tí omi gbé ní Ẹ̀jìnrìn.
Mo bi í. Ó ń koná mọ́ ẹja, kò wojú mi.
"Igi tútù ni. Èéfín ló ń ta mí lójú lọ́jọ́ yẹn.
Ṣé gbogbo ẹni tójú ẹ̀ ń ṣomi ló ń sunkún?"
Mo gbà á gbọ́ fún ogún ọdún.

Ọkùnrin kan wá láti Èkó, ó fẹ́ sọ ọ́ di àwo.
Ó ní kó mú orin náà yá díẹ̀, àwọn èèyàn á fẹ́ jó.
Ìyá mi bù ẹja fún un,
ó sìn ín dé etí ọkọ̀.

Láàárín orin kẹta, ọmọ kan figbe ta lẹ́yìn ògiri.
Kò dáwọ́ dúró.
Ó kàn rẹ ohùn sílẹ̀, orin ń falẹ̀, ń falẹ̀,
okùn kan ṣoṣo ló ń dún,
títí igbe náà fi di mímí.
Ìgbà yẹn ló tó padà bi omi léèrè.

Oṣù mẹ́rin ni mo wà.

Lánàá, ọmọ mi gbé e sórí fóònù.
Ó ní òun lè yọ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò,
ariwo òjò yẹn, ikọ́ yẹn,
ọmọ tó ń ké yẹn.
Mo ní kó gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀,
ọmọ náà ò tíì sùn.