Òwú Títa

Èmi ni mo gbé agolo ọ̀dà pupa
tẹ̀lé àwọn awọnlẹ̀ jáde ní Ògìdì,
nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń la ètè wa bí ilẹ̀ ẹrùn.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lójúmọ́:
kí n ṣáà kun igi tí wọ́n bá nawọ́ sí.

Lórí àpáta, abẹ̀bẹ̀ irin mẹ́ta ti ń yí láti èṣí,
wọn ò rí ibi gbé iná wọn gbà.
Afẹ́fẹ́ tó ń ṣí páànù ilé ìdáná wa,
tó ń ká aṣọ lórí okùn lọ sóko olóko,
àṣé iṣẹ́ ló ń wá kiri.
“Ọ̀nà ni kò sí,” Ẹnjiníà Atagùbà wí.
“Iná dà bí omi. Ta ló la kòtò fún un?”

Ó nawọ́ sí igi kajú kan.
Mo mọ̀ ọ́n. Orí rẹ̀ ni mo ti já bọ́ lọ́mọ ọdún méje,
eyín mi kan ṣì wà nínú yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀.
Igi ìyá ìyá mi ni.
Mo kùn ún.
Ọ̀dà náà ṣàn dé ọrùn ọwọ́ mi.

Nírọ̀lẹ́ mo bá Yeye nídìí òfì, mo jẹ́wọ́.
Kò bá mi jà. Ó kàn bèèrè
bóyá kẹrosíìnì lè ṣí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, wọ́n ti bẹ́ ẹ.
Wọ́n sanwó. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó mọ́ ṣónṣó ìró.
Òpó irin tò tẹ̀léra, wọ́n gba ọ̀nà Kàbà lọ,
waya mẹ́fà ré òrùlé wa kọjá,
àwa ń tan fìtílà nísàlẹ̀.

Yeye fọwọ́ síjú, ó wòkè títí,
bí ẹni ń wo iṣẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ aṣọ híhun.
“Òwú ni wọ́n ta yìí,” ó ní. “Ó gún, n ò bú wọn.
Ṣùgbọ́n òwú títa kọ́ laṣọ.
Ta ni yóò hun ún dé ẹnu ọ̀nà mi?”

Mo ti lọ béèrè tiransifọ́mà ní Kàbà lẹ́ẹ̀mẹta.
Wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé.
Wọ́n tún fún mi ní àdá, pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun:
ohunkóhun tó bá hù lábẹ́ waya, kí n gé e.
Mo ti gé ìrókò kékeré, mo ti gé ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́.
Kùkùté kajú ti rúwé, ewé rẹ̀ pupa bí ọ̀dà.
Èyí, n kò tíì rí i.