Ife Mẹ́ta

Ife omi mẹ́ta ni Millaray ń mu sí abọ́ oúnjẹ kan.
Mo ti kà á. Èmi tí n kì í ka owó tí Baldomero ń mú bọ̀
láti ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja lójú omi,
ife ni mo ń kà.
Òkèlè kan, omi. Òkèlè kan, omi.
Á na ọrùn sókè bí adìẹ tó ń mumi,
á dijú, á dúró,
gbogbo wa nídìí tábìlì á dúró tì í
títí nǹkan yẹn, ohun yòówù kó jẹ́, á fi sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ó há ni?"
"Kò há. Ó kàn ń rìn díẹ̀díẹ̀ ni."

Ọmọ ọdún méje ló ń sọ bẹ́ẹ̀,
bí ẹni ń ròyìn ọkọ̀ tó ń gbé wa sọdá Chacao.

Zunilda, ìyá ọkọ mi, ní àkẹ́bàjẹ́ ni.
Ó ní kí n gbójú kúrò, ebi á kọ́ ọ.
Ebi kọ́ ọ lóòótọ́:
ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹran pamọ́ sápò súwẹ́tà,
ajá wá di ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í fi í sílẹ̀ mọ́.

Dókítà àkọ́kọ́, ní Castro, tanná sí i lẹ́nu,
ó ní ọ̀nà ọ̀fun mọ́ tónítóní.
Èkejì ní omi kíkan ló ń ru sókè láti inú,
a lo oògùn rẹ̀ fóṣù méjì, ife ṣì jẹ́ mẹ́ta.
Ẹ̀kẹta ò wo ọmọ. Èmi ló wò.
Ó bi mí bóyá ìjà wà nílé.
Mo ní òjò ló wà nílé, Dókítà,
òjò, pòtétò, àti ọmọ tí kò lè gbé e mì.
Ó kọ nǹkan sílẹ̀.
Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí mo sọ ló kọ.

Láti ọjọ́ náà ni èmi pẹ̀lú ti ní nǹkan tí n kò lè gbé mì.

Lóru, mo máa ń gbétí lé e láyà.
Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run;
n kò jẹ́ kó jáde lẹ́nu mi rí.
Ẹni tí àìsàn rẹ̀ lórúkọ, ó rí nǹkan bú.
Kí ni mo fẹ́ bú? Ṣé pòtétò ni?

Oṣù mọ́kànlá la fi dúró kí Puerto Montt tó pè wá.
A jí láago mẹ́ta òru. Kò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan.
"Ṣé n kò níí jẹun rárá, Màmá?"
Mo ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú,
mo wojú rẹ̀:
inú rẹ̀ ń dùn.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, bàbá kan ń jẹ búrẹ́dì alẹ́ran,
ó ń jẹ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sí omi lọ́wọ́ rẹ̀.
Ọmọ mi tẹjú mọ́ ọ títí ó fi jẹ ẹ́ tán.
Ó wá sọ sí mi létí, wúyẹ́wúyẹ́:
"Ṣé kì í dun àwọn tó kù ni?"

Ọdún méje.
Ó rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń jẹun nìyẹn.

Dókítà Oyarzún gé èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Ó fà á lórí àga, ó jókòó kí ojú wọn lè dọ́gba.
Ó ní òun ò tíì mọ̀.
Ó ní wọn á fi oorun kùn ún,
wọn á ti iná kékeré bọ inú ọ̀fun lọ sísàlẹ̀,
níbi tí iná Castro ò dé,
wọn á mú ẹran tí kò tó hóró ìrẹsì lọ yẹ̀ wò.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èsì. Ó lè má sọ nǹkan kan.

Ó wá gbé bírò. Ó yíjú sí mi.
"Tó bá ń jẹun, ife omi mélòó ló ń mu?"

Kò sẹ́ni tó bi mí rí.
Ohùn mi há kó tó jáde.
Mo na ọrùn wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀:
mẹ́ta ló kọ.