Ọsàn Méje

Ọsàn méje ni mo rà ní Ọjà Ọba,
kì í ṣe fún mímu.
Sista Sìfáwù ní ká fi kọ́ abẹ́rẹ́ gígún:
"Ẹ dì í mú bí kálámù.
Ẹ má gún un bí ẹni tínú ń bí."
Omi lásán la fà sí i. Ọsàn ò sunkún.

Lóru, iná lọ.
Mo ń ka orúkọ egungun lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì,
ọmọ mi ti bó méjì nínú àwọn aláìsàn mi,
ó mu wọ́n tán.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, ibùsùn kẹsàn-án:
bàbá kan láti Òkè Àpómù, apá rẹ̀ hunjọ.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Ó kọjú sí ògiri, ó ní,
"Rọra, ọmọ.
Aṣọ híhun lèmi kọ́.
Òwú tí mo kọ́kọ́ fà, ó já."