Ìpéǹpéjú Irin

Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn.
Kì í ṣe òtútù. Kì í ṣe ọtí,
bí Csongor ọmọ àbúrò mi tilẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.
Ọwọ́ tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n fa irin ní ibùdó rélùwéè Ohat,
tó ń darí ọkọ̀ sọ́tùn-ún, tó ń darí wọn sósì,
tí kò ṣì wọ́n lọ́nà rí,
òun ló ń gbọ̀n bí ewé báyìí
tí mo bá ti gbé kamẹ́rà.

Ahéré pákó kan wà létí adágún ẹja ní Hortobágy.
Oṣù Kẹwàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, oòrùn ń rẹlẹ̀,
àwa méje jókòó, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀.
Daru là ń retí,
ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn, ìbátan àgùfọn,
aláṣọ eérú
tó ń ti àríwá bọ̀ wá sùn nínú omi tí kò kọjá orúnkún.

Csongor ló kọ́ mi:
“Àǹtí Etelka, ṣọ́tà ni ìpéǹpéjú kamẹ́rà.
Bó bá pẹ́ kó tó ṣẹ́, gbogbo ohun tó ń rìn á di èéfín.
Súùmù ń fa ẹyẹ súnmọ́ yín lóòótọ́,
ṣùgbọ́n ó ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ yín náà di ńlá.
Ẹ fi ṣọ́tà sí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá,
ẹ má yẹsẹ̀ níbẹ̀.
ISO ni kẹ́ ẹ fi sí ọ́tò, kó máa wá oúnjẹ ara rẹ̀.”

Mo bi í pé kí ni ISO.
“Ebi ìmọ́lẹ̀ ni.
Bí oòrùn bá pọ̀, ọgọ́rùn-ún ti yó o.
Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, á máa ha ìsàlẹ̀ ìkòkò,
á sì ha iyanrìn mọ́ ọn.”

Èmi ò fẹ́ iyanrìn.
Mo so ó mọ́lẹ̀ ní ẹgbẹ̀rin, mo ní kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.
Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ya òkùnkùn:
òkùnkùn tó dán, tó mọ́, tí kò ní hóró kan,
tí kò sì ní ẹyẹ.

Lónìí mo tú okùn lọ́rùn rẹ̀.
Mo ní, máa jẹ lọ, ó di ẹgbàáta lé nírinwó.

Ohùn wọn ló kọ́kọ́ dé,
bí ilẹ̀kùn àtijọ́ tí wọn ò fi epo sí.
Lẹ́yìn náà ìlà kan,
ìlà mìíràn,
lẹ́yìn náà n ò rí ojú ọ̀run mọ́.

Mo tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì. Nọ́ńbà ń gun àkàsọ̀:
ẹgbẹ̀jọ, ẹgbẹ̀rìndínlógún,
n ò dá a dúró.
Èmi di àkókò mi mú gírí; òun ló ń san owó.
Ìpéǹpéjú ṣẹ́. Ó tún ṣẹ́.
Ọkùnrin tó jókòó tì mí gbàgbé sìgá lẹ́nu, iná rẹ̀ sì kú.

Nílé, lórí tábìlì, a wò ó:
ìyẹ́ apá kọ̀ọ̀kan dá dúró, ẹsẹ̀ nà gbọọrọ,
hóró sì bo gbogbo rẹ̀ bí ìyẹ̀fun tí ìyá mi kù dà sílẹ̀.
Csongor ní kọ̀ǹpútà lè nù ún nù.
Mo ní kó fi í sílẹ̀.
Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.
Ṣebí nínú àwòrán yìí
kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n?

Inú mi dùn sí i.
Ó sì tún ń rùn mí díẹ̀, n ò mọ ìdí.

Lọ́la, bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀,
màá fi ṣọ́tà sí ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
kí n wo ohun tí ọwọ́ yìí fúnra rẹ̀
fẹ́ kọ sójú ọ̀run.