Fàyàwọ́

Tíṣà Ṣówándé fi ẹfun kọ ọ́ sójú pátákó,
ó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń gé èsúrú:
fà, ó ní, ẹ mọ̀ ọ́n;
àyà, ẹ fọwọ́ kan tiyín;
wọ́, ohun tí ejò ń ṣe nínú iyanrìn.
"Ẹ so wọ́n pọ̀. Kí ló dà?"
Gbogbo kíláàsì figbe ta: fàyàwọ́!
Ohùn wa gba ojú fèrèsé jáde,
ó lọ bà lórí ọ̀sà Ìwòpin.

Ó ní ẹni tó bá ń kó ẹrù tí òfin kọ̀
kì í nàró. Bó bá nàró, iná tọ́ọ̀ṣì á bá a.
Ó ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀,
lára ẹni tó dojú bolẹ̀ nínú igbó etí omi
tí igbá àyà rẹ̀ di ẹsẹ̀.
"Ta ló lè fi í ṣe gbólóhùn?"

Mo mọ gbólóhùn kan.
N ò nawọ́.

Gbólóhùn tèmi ní àyà tó bó,
ó ní àdí tí ìyá mi Ẹfúnyẹmí fi ń pa á lóru
láì tanná, láì sọ̀rọ̀,
ó ní ṣágo ọtí méjì tí a fi màrìwò wé
kí wọ́n má baà kọlu ara wọn lọ́nà Ìbíadé.
Ògùrọ̀, tiwa ni. Omi, tiwa.
Ìkòkò tí a fi sè é, ti ìyá bàbá mi.
Ọjọ́ wo ló di ẹ̀ṣẹ̀?
Bàbá mi ò mọ ọjọ́ náà.
Ó kàn jí láàárọ̀ kan, ó rí i
pé òun ò lè nàró rìn mọ́ lórí ilẹ̀ baba òun.

N ò sọ pé kò sí olè nínú wọn.
Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀.
Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kó ọta ìbọn sábẹ́ ẹja gbígbẹ,
ó fowó rẹ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì.

Mo ti darúgbó báyìí.
Lánàá, ọmọ ọmọ mi, Adékúnbi, oṣù mẹ́fà,
tí kò tíì lè rákòrò,
dojú bolẹ̀ lórí ẹní,
ó fi ìgbọ̀nwọ́ gúnlẹ̀, ó fà,
ikùn ń wọ́ tẹ̀lé e,
ó ń lọ síbi kọ́kọ́rọ́ tí a gbé pamọ́ fún un.
Ìyá rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, ó ń kì í.

Èmi bojú wẹ̀yìn,
mo wo ẹnu ọ̀nà,
bóyá ẹnìkan ń bọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.