Ókun o, Mo Dé Ìhín

Aago méjì òru ní Kàbà. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé,
epo inú ẹ̀ kò lè dé àfẹ̀mọ́júmọ́.
Mo ṣí kóòdù sáfà tó ń gba iṣẹ́ ní Mọ̀pà
tó ń lọ jẹ́ ẹ ní Ẹ̀gbẹ̀.
Ọgọ́ta ìlà ni mo tẹ̀ sínú ẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan dàrú:

"Ókun o, mo dé ìhín."
"Ókun o, mo ti kọjá ẹnu ọ̀nà kejì."
"Ṣé ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi? Ó wà."
Ọ̀kan tilẹ̀ wà tó kàn ń ké "YÉÈ".
N kò rántí ohun tó dùn mí.

Iṣẹ́ ń sọnù lọ́nà nígbà náà.
Mo dá a dúró ní gbogbo oríta:
kí lo rù? ta ló rán ọ?
Ó ń tú ẹrù sílẹ̀ lójú mi
títí mo fi rí àṣìṣe: òǹkà kan,
ó fi ẹyọ kan péré dín.

N kò palẹ̀ mọ́.
Lánàá, nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, mo bá orúkọ ìyá Ṣẹ́gilọlá,
irú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, àìsàn tí kò sọ fún ọmọ,
gbalaja, bí aṣọ tí a sá tí a kò ká.

Ẹni a rán níṣẹ́ kì í tú u wò.
Mo ń pa wọ́n rẹ́.
"YÉÈ" ló ṣẹ́kù. Ìka mi dúró lé e díẹ̀.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó tún mí.

Iṣẹ́ kan kọjá báyìí.
N kò mọ ohun tó rù.